Àpò Ìrẹsì Tí Mo Gbé Lọ sí Ládípọ̀

Agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo dé gáréèjì Ìwó Road ní Ìbàdàn. Ẹrù kan ṣoṣo ni mo gbé dání: àpò ìrẹsì kékeré kan tí mo fi okùn di lẹ́nu. Nígbà tí awakọ̀ ní kí n gbé e sí búùtù, mo kọ̀, mo gbé e lé orí ẹsẹ̀ mi. Ìyá àgbàlagbà tó jókòó tì mí wo àpò náà, ó wo ojú mi, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé iṣu ni àbí ẹran?"

Mo ní, "Irin ni, mà. Ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bàbá mi ni."

Ó mi orí, ó ní, "Ọlọ́run yóò bá yín tún un ṣe." Mo ṣe àmín tọkàntọkàn. Ohun tó wà nínú àpò náà kò tóbi ju àgbọn kan lọ, ṣùgbọ́n ó ti dá iṣẹ́ gbogbo ilé wa dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Tọ́bò ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ wa jẹ́ ọkọ̀ kékeré onílẹ̀kùn mẹ́rin, irú èyí tí àwọn ìdílé ń lò: bàbá àti ìyá níwájú, ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn, ẹrù ọjà nínú búùtù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó lítà méjì, ṣùgbọ́n tọ́bò ń jẹ́ kó ṣe bí àgbà. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà, nítorí ẹ̀bi ohun tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó mọ ẹni tó ni ẹ̀bi.

Owó ìfẹ̀yìntì ni bàbá mi fi ra ọkọ̀ yìí, lẹ́yìn ọdún 35 tó fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ọkọ̀ náà ló ń gbé ìyá mi lọ sí ọjà Bódìjà láti ra èlò oúnjẹ tó ń sè tà. Òun náà ló ń gbé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì lọ sí ilé-ìwé. Ní Sátidé kan tí a ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Èkó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé nígbà tí a kù díẹ̀ kí a dé Ògèrè. Kò pẹ́ tó fi tú èéfín aláwọ̀ búlúù, agbára rẹ̀ sì tán pátápátá. Wákàtí mẹ́rin ni a lò lẹ́bàá ọ̀nà láàárín àwọn tírélà. Ìyá mi, pẹ̀lú aṣọ òkè lọ́rùn, jókòó lórí kúlà omi. Bàbá mi kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ dùn mí ju oòrùn ọjọ́ náà lọ.

Nígbà tí a padà délé, ìmọ̀ràn mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí a ta ọkọ̀ náà bó ṣe wà, kí a gba ohunkóhun tí wọ́n bá fún wa. Ìyá mi ní kí a yọ ẹ́ńjìnnì náà dànù, kí a fi èyí tí kò ní tọ́bò rọ́pò rẹ̀. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní kí a ra tọ́bò mìíràn. Owó kan ṣoṣo ló sì wà nílé, owó ilé-ìwé àbúrò mi obìnrin, tó wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní pólì. Bàbá mi ní òun kò ní fọwọ́ kan owó náà títí òun yóò fi mọ ohun tó pa tọ́bò àkọ́kọ́. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ lo mọ̀wé béèrè ọ̀rọ̀. Lọ sí Ládípọ̀, kí o lọ béèrè wá." Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń gbé òkú irin rìnrìn àjò.

Ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó gùn ju kìlómítà 127 lọ. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí i, bàbá mi sì máa ń sọ pé nígbà náà, ènìyàn lè jẹun òwúrọ̀ ní Ìbàdàn kó tún jẹ ọ̀sán nílé lẹ́yìn tó bá ti ná ọjà Èkó tán. Ọkọ̀ ìjàpá ni òun ń wà nígbà yẹn, Volkswagen Beetle tí wọ́n ń tò ní ilé iṣẹ́ Ọ̀jọ́ ní ọ̀nà Bádágírì láti ọdún 1975. Ọkọ̀ náà kò ní rédíétọ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Bí bàbá mi bá ti dé ibi tó ń lọ, a pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a ju kọ́kọ́rọ́ sápò, ó di ilé. Mo rántí ìwà yìí nígbà tí a ń kọjá ní Ògèrè, mo sì wo ibi tí ìyá mi jókòó sí lọ́jọ́ náà. Tírélà mìíràn ti dúró síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí tọ́bò ń ṣe, nítorí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wa ọkọ̀ onítọ́bò láìmọ̀ pé ó ní in. Ẹ́ńjìnnì ń jẹ epo, ó sì ń mí afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá ti pọ̀ tó ni epo tó lè jó dáadáa yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò ń mí bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń mí. Ìwọ̀nba tó bá wọlé ni yóò lò. Tọ́bò ní tirẹ̀ jẹ́ ẹwìrì. Ẹni tó bá ti dé ilé àgbẹ̀dẹ rí mọ bí ọmọ àgbẹ̀dẹ ṣe ń fín ẹwìrì tí èédú tó fẹ́ kú á tún pọ́n yòò. Ṣùgbọ́n ẹwìrì ti ọkọ̀ kò nílò ọmọ àgbẹ̀dẹ. Èéfín gbígbóná tó yẹ kó bá ẹnu sálẹ́ńsà jáde lọ lásán ni ó ń yí abẹ̀bẹ̀ kan. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ so abẹ̀bẹ̀ yìí mọ́ èkejì, èyí tó ń ti afẹ́fẹ́ tuntun wọnú ẹ́ńjìnnì. Irin náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, nínú ooru tó lè kọjá 800 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ tó yí irin náà ká ni kò jẹ́ kó fara gbá irin ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá kọ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ lórí ìmọ̀ yìí ní 1905. Ní 1962, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan gbé Oldsmobile Jetfire jáde, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ kékeré àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún ará ìlú pẹ̀lú tọ́bò. Ọkọ̀ náà ní ìkòkò kékeré kan tí ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ máa bu omi àti ọtí mẹ́tánọ́ọ̀lù sí, kí afẹ́fẹ́ àti epo tó ń wọnú ẹ́ńjìnnì má bàa gbóná jù. Ọ̀pọ̀ àwọn olówó ọkọ̀ gbàgbé láti máa bu ú. Kò tó ọdún méjì tí Jetfire fi kógbá sílé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá ni ìtọ́jú ti ju agbára lọ nínú ọ̀rọ̀ tọ́bò.

A dé Bẹ́gà nígbà tí oòrùn ti ń mú. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òṣòdì, mo tún wọ òmíràn ní ọ̀nà Àpápá, mo sì sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Toyota. Láti ibẹ̀, imú mi ló mú mi dé Ládípọ̀. Òórùn ọ́ìlì àtijọ́ ti wọ inú ilẹ̀ ibẹ̀, ilẹ̀ náà sì dúdú, ó ń dán bí ẹni pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí i.

Ọjà Ládípọ̀ ní Mushin kì í ṣe ọjà tí ènìyàn ń rìn gbẹ̀fẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tò lọ bẹẹrẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù bí iṣu lórí àtẹ. Iná ọkọ̀ nìkan ni ẹnì kan ń tà; dígí ni ẹlòmíràn ń tà; ẹnì kẹta kò tà ju ìlẹ̀kùn lọ. Ọmọkùnrin kan ru bọ́nẹ́ẹ̀tì lérí bí obìnrin ṣe ń ru igbá, ọmọlanke kan kún fún gíábọ́ọ̀sì, gbogbo ènìyàn sì ń pariwo "ẹ yà, ẹ yà!" Àlòkù tó ti òkè òkun wá ni wọ́n ń pè ní "Belgium" níbẹ̀, ibi yòówù kó ti wá. Kí n tó rin ogún ẹsẹ̀, ènìyàn méje ti bi mí léèrè orúkọ ọkọ̀ mi. Mo di àpò mi mú.

Mẹkáníìkì wa ti júwe ọ̀gá rẹ̀ fún mi, bàbá àgbàlagbà kan tó ní ìsọ̀ lẹ́yìn ọjà. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kí n dìde, ó tú àpò ìrẹsì náà, ó di irin tẹ́ẹ́rẹ́ àárín tọ́bò náà mú láàárín ìka méjì, ó sì mì ín. Irin náà ń lọ, ó ń bọ̀, bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Ọ̀dọ́kùnrin Ìgbò kan tó ń ta tọ́bò ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wá wò ó, ó sì sọ ní Yorùbá tó já gaara bíi ti ọmọ Mushin, "Sistá mi, tọ́bò kì í dédé kú. Ènìyàn ló máa ń pa á."

Bàbá náà tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò tí ọ́ìlì ń gbà wọlé, ó ní kí n wò ó. Ohun dúdú kan ti dí i, ó le, ó gbẹ, bí ìsàlẹ̀ ìkòkò ẹ̀wà tó jóná. Ó ní, "Ọ́ìlì tí kò lè gba ooru ló jó síbí yìí. Nígbà tí ihò dí, òùngbẹ gbẹ irin títí ó fi kú." Ó wá gbé ojú sókè. "Ọmọ mi, ta ló ń ra ọ́ìlì fún ọkọ̀ yìí?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, èmi ni. Ní ẹ̀ẹ̀mejì tí a pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn, bàbá mi fún mi lówó láti ra èyí tí ìwé ọkọ̀ náà dárúkọ. Mo rí òmíràn lẹ́bàá ọ̀nà tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì. Ẹni tó ń tà á ní ọ́ìlì kan kò ju ọ̀kan lọ. Mo gbà á gbọ́, nítorí ó wù mí kí n gbà á gbọ́, mo sì fi owó tó ṣẹ́kù ra dátà fún iṣẹ́ ìwé kíkọ mi. Mo ní n ó sọ fún wọn nílé. N kò sọ. Ní Ògèrè, nígbà tí bàbá mi dákẹ́, ó rò pé òun ló ra ọkọ̀ burúkú fún ìdílé rẹ̀. Èmi náà dákẹ́, n kò sì mọ̀ dájú pé èmi ni. Ní ìsọ̀ bàbá yìí ni ó dá mi lójú.

Mo jẹ́wọ́ fún un. Kò bá mi wí. Ó fa àga kan sún mọ́ mi, ó ní, "Ó dáa. Ó kù kí a mọ ohun tí a ó ṣe."

Mo kọ́kọ́ béèrè nípa ìmọ̀ràn ìyá mi. Ó ní kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan ni a ó rà. Ọpọlọ ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà rẹ̀, yóò yí padà. Wáyà yóò yí. Gíábọ́ọ̀sì lè má bá a mu. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kò ní bá ìwé ọkọ̀ mu mọ́, a ó sì ní láti lọ tún ìwé ṣe. Ó ní ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ ra ọkọ̀ ló yẹ kó yan ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti ń wà á.

Ó wá fi àwọn ọkọ̀ tó yí wa ká ṣe àpẹẹrẹ. Ó nawọ́ sí Chevrolet Cruze kan. Àwọn tó wọ Amẹ́ríkà láti 2011 sí 2015 ní ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù méjì: lítà 1.8 tí kò ní tọ́bò, àti lítà 1.4 tó ní in. Agbára ẹṣin méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nǹkan bíi 138. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ti tọ́bò ń fa ẹrù gan-an kí ẹ́ńjìnnì tó pariwo rárá. Èkejì gbọ́dọ̀ sáré kó tó lágbára. Ó tún dárúkọ Honda Civic ti 2016: lítà 2.0 tí kò ní tọ́bò ní agbára ẹṣin 158, lítà 1.5 onítọ́bò ní 174. Ní ti Volkswagen Jetta ti ọdún 2016 kan náà, lítà 1.4 onítọ́bò ní 150, lítà 1.8 onítọ́bò ní 170. Bẹ́líìtì ló ń yí inú ti 1.4, èyí tí a gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ wò kó má bàa já. Ṣéènì ló wà nínú 1.8. Ó ní, "Bí ènìyàn bá lọ ra ọkọ̀ tí kò bi wọ́n léèrè èwo ló wà nínú rẹ̀, àwọ̀ ló rà."

Mo bi í pé èwo ló dára jù fún ìdílé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tí kò ní mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́, tí kì í ra ọ́ìlì gidi, tó sì máa ń gbàgbé ọjọ́ ìtọ́jú, kó ra èyí tí kò ní tọ́bò, kó sùn dáadáa. Ẹni tó lè tọ́jú, tí ọ̀nà rẹ̀ jìn, tó ń ru èrò àti ẹrù, onítọ́bò yóò bá a fi epo pamọ́, yóò sì fún un ní agbára nígbà tó bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀. "Ẹni tó bá ra ẹṣin, kó rántí pé koríko wà nínú owó rẹ̀."

Mo mú ìwé mi jáde, mo kọ ohun tó sọ nípa ìtọ́jú sílẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà kọ ọ́.

Èkíní ni ọ́ìlì. Nọ́ńbà àti àmì tó wà nínú ìwé ọkọ̀ ni kí a rà, ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì tó lè gba ooru, láti ọwọ́ ẹni tí a mọ̀. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ àti eruku wa, òun kì í jẹ́ kó kọjá kìlómítà 5,000 kó tó pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú asẹ́ rẹ̀. Kí a sì máa fa ọ̀pá ìwọ̀n yọ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Èkejì, bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ láàárọ̀, kí a má tẹ̀ ẹ́ kíkan. Kí ọ́ìlì kọ́kọ́ dé ibi tó ń lọ.

Ẹ̀kẹta, bí a bá ti ọ̀nà jíjìn dé, tí a ti sáré, kí a má pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú kan sí méjì ti tó kí ọ́ìlì tó ń ṣàn fi gbé ooru kúrò lára tọ́bò. Bí a bá pa á nígbà tó ń pọ́n, ọ́ìlì tó dúró sínú rẹ̀ ni yóò jó.

Ẹ̀kẹrin, kúláǹtì ni kí a bu sí rédíétọ̀, kì í ṣe omi kànga. Omi lásán ń jẹ́ kí irin dípẹtà. Ẹ̀karùn-ún, asẹ́ afẹ́fẹ́: nígbà ọyẹ́, ó lè dí kí oṣù tó pé, ekuru tó bá sì kọjá yóò jẹ abẹ̀bẹ̀ tọ́bò.

Ẹ̀kẹfà, kí a fetí sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, tí èéfín búlúù ń yọ, tí agbára dín kù, tàbí tí iná ẹ́ńjìnnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí a dúró. Ó ní tiwa ti ń súfèé láti nǹkan bí oṣù kan, a kàn ń fi rédíò bò ó ni. Òótọ́ ló sọ.

Nígbà tó kan ohun tí a ó rà, ọ̀dọ́kùnrin Ìgbò náà gbé tọ́bò Belgium kan jáde, ó mọ́, owó rẹ̀ sì dínkù. Bàbá náà mì ín, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó dá a padà. Ó ní a kò mọ irú ọ́ìlì tí ẹni àkọ́kọ́ fún un mu. Ó yàn pé kí a ra àárín rẹ̀ tuntun, kí a lo ìkarahun ti tẹ́lẹ̀, kí a ra páìpù ọ́ìlì tuntun, kí a sì tú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì fọ̀ kí ìdọ̀tí àtijọ́ má bàa tún pa èyí tuntun. Ọ̀dọ́kùnrin náà kò bínú. Ó ní, "Bàbá sọ òtítọ́," ó sì lọ bá wa mú ti tuntun wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdajì owó ilé-ìwé àbúrò mi, n kò sì mú un nínú owó náà. Owó iṣẹ́ tí mo ti ń tọ́jú láti ra kọ̀ǹpútà tuntun ni mo san.

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé Ìbàdàn. Bàbá mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò tíì jẹun. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: ọ́ìlì, dátà, ìdákẹ́jẹ́ mi. Ó pẹ́ kó tó fèsì. Ó béèrè ohun tí bàbá Ládípọ̀ sọ nípa pípa ọkọ̀. Mo kà á fún un láti inú ìwé mi. Ó gba ìwé náà, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó tún un kà fúnra rẹ̀. Ó ní, "Èmi náà pa á bí mo ṣe ń pa ìjàpá. Àwa méjèèjì la pa á." Lẹ́yìn náà ó ní, "Má tún fi irú nǹkan báyẹn pamọ́ fún mi mọ́. Ìyá rẹ jókòó lórí kúlà." Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Ó ní kí n lọ jẹun.

Oṣù tó tẹ̀lé e, a tún gba ọ̀nà Èkó, síbi ìkómọjáde àwọn tí a kò rí ìgbéyàwó wọn jẹ́rìí sí délẹ̀délẹ̀. Ọkọ̀ náà kọjá Ògèrè wẹ́rẹ́. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé àwọn àna wa, gbogbo wa nawọ́ sí ìlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n bàbá mi kò tíì pa ẹ́ńjìnnì. Ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kékeré ní, "Bàbá àgbà, a ti dé o."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ó kù díẹ̀."

A jókòó, a ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí ìṣẹ́jú kan pé, ó yí kọ́kọ́rọ́, a sì sọ̀ kalẹ̀.